Fífi Ẹsẹ̀ Rin Pópó Àgùdà ní Ìrọ̀lẹ́: Ẹ Gbà Mí ní Ìmọ̀ràn

Àbẹ̀ní_Woolwich

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí ìyá mi sí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó kẹ́yìn. Àwa mẹ́fà ni a ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá: ìyá mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 72, ọkọ mi, èmi, àwọn ọmọ wa méjì tí wọn kò rí Èkó rí, àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ará Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi yìí pé àwọn kan nínú ẹbí ìyá ìyá rẹ̀ padà sí Èkó láyé àtijọ́, tí wọn kò sì gbúròó wọn mọ́. A fẹ́ wá amọ̀nà tí yóò mú wa fi ẹsẹ̀ rin Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà dé Èkó, ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn ọ̀sán kò bá ìyá mi lára mu. Ǹjẹ́ ìrọ̀lẹ́ dára fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀? Aago mélòó ni kí a bẹ̀rẹ̀? Báwo ni a ó sì ṣe dá amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń sọ ohun tí ó bá dé ẹnu rẹ̀?

Bàbá_Oníkàn

Ẹ káàbọ̀ sílé kí ẹ tó dé. Ìrọ̀lẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí ìrọ̀lẹ́ má di òru mọ́ yín lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Èkó, ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní ọ̀dọ̀ tiwa: bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ní tó ààbọ̀ wákàtí tí ojú ọ̀run yóò fi dúdú. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń rò pé ojúmọmọ ṣì ń bọ̀ wá dúró dè wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ibi tí ẹ ní láti fi ojú wò dáadáa ti parí ní aago mẹ́fà ààbọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ yàn. Ní ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà máa ń kún dé ojú títì, ẹ ó sì máa fi èjìká gba ọ̀nà láàárín àwọn alárù ni, ẹ kò ní lè gbọ́ ohun tí amọ̀nà ń sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn pa, ojú títì sì di ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ yín wọ inú àdúgbò rárá. Ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí ní apá Oníkàn tàbí Marina. Bí ó bá jẹ́ láti apá Mile 2 ni ẹ ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ń dé Marina, ṣùgbọ́n ẹ ní láti ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kadà fún ìpadàbọ̀, nítorí pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin dè wọ́n ní Lagos Island.

Ẹsẹ̀_ni_mo_fi_ń_jẹun

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ń ṣe, n kò sì wá polówó ara mi níhìn-ín, nítorí náà n kò ní fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ètò ìrìn ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ rí bákan náà pẹ̀lú ti òwúrọ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà máa ń fi í sí ìparí, àṣìṣe ńlá sì ni ní ìrọ̀lẹ́, torí pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ń kí ìrun Mọ̀gàríbì. Bí ẹ bá kó àlejò mẹ́fà dé ẹnu ọ̀nà ní àkókò náà, ẹ ti dí ọ̀nà mọ́ olùjọ́sìn. Láàárín ìrun Alásárì àti Mọ̀gàríbì ni kí ẹ dé, kí amọ̀nà kọ́kọ́ wọlé lọ gba àṣẹ, kí àwọn obìnrin sì ní ìborùn lọ́wọ́. Oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí yẹn, lójú Gómìnà Gilbert Carter. Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, ni ó wá ṣojú Súlútáànì Tọ́kì, oyè Bey tí Súlútáànì sì fi dá Mohammed Shitta, ẹni tí ó náwó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, lọ́lá ni ó di orúkọ ẹbí títí di òní. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí àlejò wò níbẹ̀ ni ara ilé fúnra rẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé láàárín àwọn tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, ni ó kọ́ ọ pẹ̀lú Sanusi Aka. Ọwọ́ kan náà tí àwọn bíríkìlà Àgùdà fi ń kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Mùsùlùmí. Bí àlejò bá ti rí ìyẹn, mo ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.

Láti ibẹ̀, a ó rìn lọ sí gbàgede Tinúubú, tí wọ́n fi sọ orí Ẹfúnróyè Tinúubú. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń fi àyè òfìfo kan han àlejò. Ilojo Bar ni ó wà níbẹ̀ rí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹbí Fernandez kọ́ ní ọdún 1855, tí ẹbí Olaiya sì rà ní ọdún 1933. Ọdún 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, ni katakata wó o lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àti ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń júwe rẹ̀ bí ẹni pé ó wà síbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

A ó wá gba òpópónà Kakawa, níbi tí Ilé Omi, ilé tí wọ́n ti ń ta omi kànga láyé àtijọ́, wà, lọ sí agbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Tókunbọ̀. Àkókò tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ ni ibẹ̀ dára jù lọ. Àwọn òdòdó àti ewé tí àwọn bíríkìlà fi símẹ́ńtì mọ yí fèrèsé ká kì í hàn dáadáa bí oòrùn bá wà ní àtàrí, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, òjìji á sùn lẹ́bàá ewé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ náà á sì yọ jáde lára ògiri. Nítorí èyí ni mo fi fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ ju òwúrọ̀ lọ.

Freedom Park ni a máa ń parí sí, nítorí pé iná wà níbẹ̀, ìjókòó wà, oúnjẹ sì wà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni ibẹ̀ rí. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń yẹgi fún ọ̀daràn láyé ọjọ́un ni pèpéle tí àwọn eléré ń dúró lé báyìí. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ìyẹn bọ̀rọ̀.

Àjàgbé_Òkè_Àrín

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún amọ̀nà tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, n kò fara mọ́ ìrìn ìrọ̀lẹ́ fún ẹni ọdún 72. Mo mú ìyá tèmi lọ ní ọdún tí ó kọjá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí a tó dé Bámgbóṣé. Ojú títì ní ihò, àwọn gọ́tà kan kò ní ìdérí, àwọn mìíràn sì ní ìdérí tí ó ń mì bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn aráalé bá ti tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pé iná lọ, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìkìlọ̀ ẹni tí ó wà níwájú. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá wọ bàtà tí ó bo gbogbo ẹsẹ̀, kí ẹni kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó di ọwọ́ wọn mú, kí ó sì ní tọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe ti fóònù.

Ẹsẹ̀_ni_mo_fi_ń_jẹun

Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, mo sì gbà á. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín wa, mo máa ń gé ìrìn náà kúrú: Martins, Tinúubú, Kakawa, kí a sì yà sí Freedom Park. Àwọn tí ara wọn le lè bá ẹlòmíràn lọ sí Campos nígbà tí àgbà bá jókòó tí wọ́n ń mu nǹkan tútù. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n bí sí Èkó ni à ń sọ yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọn yóò máa fi ọ̀nà han amọ̀nà.

Ọmọ_Campos

Inú àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo sì ń gbé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí wọ́n ń wá wò.

Ilé tí ènìyàn ń gbé ni àwọn ilé wọ̀nyí. Nígbà tí ẹ bá dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ń wẹ ọmọ, bàbá kan sì ti bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Mo ti rí àwọn àlejò tí wọ́n dúró sí iwájú ilé wa, tí wọ́n na fóònù sókè sí fèrèsé ìyàrá ìyá mi, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì kí ẹni tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn o, wọn kì í ṣe òyìnbó. Ẹ kí wa. «Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó» tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí amọ̀nà tọrọ àyè àwòrán, bí wọ́n bá sì ní rárá, kí ẹ máa lọ láìfi ojú bínú. Ilé Omi náà, ilé ẹbí ni. Kí ẹ wo iwájú rẹ̀ láti ojú títì kò ní kí ẹnikẹ́ni bínú, ṣùgbọ́n kí ẹ wọlé, ọ̀rọ̀ àdéhùn ṣáájú ni.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń jókòó sí ìkóríta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù: amọ̀nà tí ó bá mọ àdúgbò yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ẹ tó dé, ohunkóhun tí ó bá sì fún wọn gbọ́dọ̀ ti wà nínú owó tí ẹ san fún un. Bí wọ́n bá dá yín dúró, tí amọ̀nà sì wo ojú yín pé kí ẹ mú owó jáde, ẹ ti mọ̀ pé kò wá síbí rí tàbí pé ó fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìyẹn dán an wò nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà: ẹ bi í pé, «Ta ni ẹ mọ̀ ní Campos?» Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ wá ẹlòmíràn.

Olùkọ́_Ìtàn_Àná

Mo fẹ́ fi tèmi kún ìbéèrè kẹta, èyí tí ó kan bí a ṣe ń dá amọ̀nà tí ó mọ ìtàn mọ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nígbà wo ni àwọn Àgùdà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àmárò, bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ọdún 1888 ni, nígbà tí wọ́n fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní ìlú Salvador ní Bahia. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Malê, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti ara «ìmàle» tiwa. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìdìde náà rì, ayé nira gan-an fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti ra ara wọn padà, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń padà sí etíkun yìí, sí Àgùé, Wídà, Pọ̀tọ̀nọ́fò àti Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn kọlu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Àgùdà ti wà nílùú. Nítorí náà, amọ̀nà tí ó bá sọ pé ilé 1855 ni Ilojo Bar, tí ó sì tún sọ pé ọdún 1888 ni àwọn tí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, kò fetí sí ara rẹ̀.

Ẹ béèrè ìyàtọ̀ láàárín Àgùdà àti Sàró pẹ̀lú. Àwọn Sàró ni wọ́n ti Sierra Leone dé, Olówógbowó ni wọ́n sì pọ̀ sí, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Àwọn Àgùdà wá láti Bùràsíìlì àti Kúbà, ìjọ Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn, dé ibi pé «ìjọ Àgùdà» ni a ń pe ìjọ Kátólíìkì ní èdè wa títí di òní. Síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn, amọ̀nà tí ó bá sì sọ pé Kátólíìkì ni gbogbo wọn ti pa ìtàn Malê rẹ́. Bí amọ̀nà bá tún lè sọ ìtàn Padre Antonio fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í, ẹ dì í mú ṣinṣin: ọkùnrin kan tí kì í ṣe àlùfáà ni, òun ni ó ń darí àdúrà àwọn Àgùdà kí Fadá Bouche tó wá dá mísọ̀n sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1868.

Ìyá_Ìbejì_Súrùlérè

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó rán mi létí ohun tí ojú mi rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó mú wa rìn, ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó sì ń pariwo. Nígbà tí a dé Ilé Omi, ó sọ fún wa pé gómìnà òyìnbó ni ó gbẹ́ kànga náà fún àwọn ará ìlú ní ọ̀fẹ́. Ìyá arúgbó kan tí ó ń kọjá lọ dúró, ó ní, «Ọmọ mi, ọ̀fẹ́ wo? Títà ni wọ́n ń ta omi náà.» Títà náà ni lóòótọ́. João Ẹ̀san da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní kékeré tí ó sì padà dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ni ó ni ilé náà. Láti inú kànga rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi tí ó mọ́ fún ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì sí, ọmọ rẹ̀ Cândido sì di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí gbogbo ìlú mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àgbà kan bá dá sí ọ̀rọ̀ amọ̀nà ní ojú ọ̀nà, èmi a yíjú sí àgbà.

Ẹ gbé omi mímu lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tí ń sun àgbàdo, ẹ dúró rà á, nítorí pé ẹni tí ń jẹun kì í kánjú, ẹ ó sì rí ohun tí ẹ̀yin tí ń sáré kò ní rí.

Àbẹ̀ní_Woolwich

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ gọ́tà: wọ́n ní ìdérí kò sí lórí èyí tí ó wà níwájú ilé wọn ní ọdún 1970 náà. Ní ti ọ̀rẹ́ mi ará Bahia, kí ni kí n sọ fún un kí ìrètí rẹ̀ má baà pọ̀ jù?

Olùkọ́_Ìtàn_Àná

Ẹ sọ fún un pé orúkọ ìdílé nìkan kò tó. Bí ó bá wá ń béèrè ẹbí da Silva tàbí Pereira ní Èkó, yóò rí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí wọn kò bá ara wọn tan ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, torí pé orúkọ ọ̀gá tàbí ti ìrìbọmi ni wọ́n gbà. Orúkọ Yorùbá tí ẹni náà ní kí wọ́n tó kó o lọ, ìlú tí ó ti wá, tàbí oríkì, ni yóò yà á sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí «Ẹ̀san» ti ya da Rocha sọ́tọ̀. Kí ó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní Bahia léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ lẹ́tà ṣáájú sí ọ́fíìsì Kàtídírà Holy Cross ti ìjọ Kátólíìkì ní Èkó nípa ìwé ìrìbọmi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ́ ni wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ó ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún un.

Ọmọ_Campos

Bí ẹ bá lè sún ìrìn náà sí òpin oṣù Kejìlá tàbí ìgbà Ọdún Àjíǹde, ó lè bọ́ sí àsìkò tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń ṣe kànífà ní Campos, Làfíàjí àti Òkè Pópó, pẹ̀lú aṣọ mèremère àti ìlù. Ọ̀rẹ́ yín kò ní nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń ṣe ìrántí ikú Jésù, fúrẹ́jọ̀n ni à ń sè nílé wa, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a sì fi omi àgbọn àti ṣúgà sè, ẹja sì ni à ń fi jẹ ẹ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kí wa dáadáa lè rí abọ́ kan gbà.

Àbẹ̀ní_Woolwich

Ìbéèrè mi kù kan, ẹ má bínú, nítorí ìyá mi àti àwọn ọmọ ni mo fi ń béèrè: níbo ni ènìyàn ti lè rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò ní ojú ọ̀nà yẹn?

Bàbá_Oníkàn

Ìbéèrè gidi ni. Ní Freedom Park, ó wà, ó sì ṣeé lò. Láti Martins títí dé Kakawa, ẹ má ṣe retí ọ̀kan ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé àwọn ilé oúnjẹ àti báǹkì tí ènìyàn lè bẹ̀ ti tì. Ẹ gbé ọkọ̀ sí Oníkàn, ẹ kọ́kọ́ yà sí Freedom Park ní aago mẹ́ta àbọ̀ kí gbogbo yín ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tó wá lọ pàdé amọ̀nà ní Martins. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mu kóòkì ní ọ̀nà.